Ẹ Yé Fọ Táǹkì Ẹja Tuntun

Bí ẹja bá kú ní ọ̀sẹ̀ kẹta lágbègbè wa, olè ni a kọ́kọ́ máa ń wá. Ẹ̀gbọ́n tó wà ní Àbújá ti fi owó ránṣẹ́ sí àbúrò tó wà ní Kabba pé kó ra táǹkì tapọ́lì, kó ra ẹgbẹ̀rún kan ọmọ ẹja àrọ̀, kó fi bẹ̀rẹ̀ nǹkan kékeré kan kí ilé ẹ̀kọ́ tó wọlé. Ọ̀sẹ̀ méjì àkọ́kọ́ lọ dáadáa, fọ́tò ń wọlé lórí WhatsApp. Lẹ́yìn náà ni ẹja bẹ̀rẹ̀ sí í léfòó, tí wọ́n ń sáré wá sókè gba afẹ́fẹ́, tí wọn ò jẹun mọ́. Kí ọjọ́ mẹ́rin tó pé, ìdajì ti lọ. Ẹ̀gbọ́n ní àbúrò ti jẹ owó oúnjẹ ẹja. Àbúrò ní ẹni tó ta ọmọ ẹja fún òun ló kó èyí tó ń ṣàìsàn fún òun. Ìyá ní ojú ayé ni, ṣebí òun ti sọ pé kí wọ́n má gbé e síbi tí gbogbo èèyàn ti ń rí i.

Ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n wa tí ẹ ti jáde, tí ẹ ń fowó ránṣẹ́ sílé, okun o. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi àbúrò yín sílẹ̀ ná. Lọ́pọ̀ ìgbà, ẹ̀gbin tí ẹja fúnra rẹ̀ ń tú sínú omi ló pa á, ẹnikẹ́ni ò sì sọ fún ọmọ náà pé bẹ́ẹ̀ ló máa rí. Àwọn tó yẹ ká bá wí ni àwọn tó ń kọ́ni ní ẹja sísìn ní ọjọ́ méjì péré, tí wọ́n ń sọ̀rọ̀ èrè láti àárọ̀ dé alẹ́, tí ọ̀rọ̀ omi kò sì ní ju gbólóhùn kan lọ lẹ́nu wọn: bí omi bá ti dọ̀tí, ẹ dà á nù, ẹ fọ táǹkì dáadáa, ẹ rọ òmíràn sí i. Gbólóhùn yẹn ni mo wá bá jà.

Ẹni tó bá ti wọ ilé adìyẹ tí wọn ò kó ìgbẹ́ rẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ kan mọ òórùn tó máa ń ta ojú yẹn. Amóníà ni. Àgbẹ̀ tí kò mọ orúkọ rẹ̀ mọ iṣẹ́ rẹ̀: kò jẹ́ kó ìgbẹ́ adìyẹ tútù sí ìdí àgbàdo, torí yóò jó o. Yóò fi sílẹ̀ kó jẹrà ná. Nínú òkìtì ìgbẹ́ yẹn, kòkòrò àìfojúrí ń sọ oró di oúnjẹ ọ̀gbìn. Irú iṣẹ́ kan náà ló gbọ́dọ̀ ṣẹlẹ̀ nínú táǹkì ẹja, ì báà jẹ́ tapọ́lì ẹ̀yìnkùlé, ì báà jẹ́ táǹkì onígíláàsì tí ẹ gbé sórí tábìlì ní họ́sítẹ́ẹ̀lì pẹ̀lú ẹja pupa méjì.

Ẹja ń tú amóníà jáde láti ibi tó fi ń mí, lọ́sàn-án lóru. Oúnjẹ tó ṣẹ́kù tó ń jẹrà nísàlẹ̀ ń fi kún un. Irú bakitéríà kan wà tó ń gba amóníà, tó ń sọ ọ́ di náítíráìtì, èyí tó ṣì jẹ́ oró. Irú kejì á wá sọ náítíráìtì di náítíréètì, èyí tí ẹja lè fara dà dé ìwọ̀n tó pọ̀ gan-an. Onímọ̀ ará Rọ́ṣíà kan, Sergei Winogradsky, ló fi hàn ní nǹkan bí 1890 pé kòkòrò ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ló ń ṣe ìpele méjèèjì. (Ní 2015 ni wọ́n rí àwọn kan nínú ìdílé Nitrospira tó lè dá iṣẹ́ méjèèjì ṣe. Ẹ̀yin ará Microbiology, mo ti sọ ọ́, ẹ má bá mi jà.)

Àwọn bakitéríà yìí kì í sábà léfòó káàkiri inú omi. Ara nǹkan ni wọ́n ń gbé: ara tapọ́lì, inú páìpù, ara òkúta, inú fóòmù. Ohun tó ń yọ̀ tí ẹ máa ń fọwọ́ kàn lára táǹkì, tí ẹ ń fi búrọ́ọ̀ṣì àti ọṣẹ bó kúrò, ibẹ̀ ni ilé wọn. Wọn kì í sì í yára bí síi. Àwọn bakitéríà kan tó wà nínú ìfun èèyàn lè di ìlọ́po méjì láàárín ogún ìṣẹ́jú, ṣùgbọ́n àwọn wọ̀nyí ń lo wákàtí mẹ́jọ, nígbà mìíràn ọjọ́ kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ìdí nìyẹn tí táǹkì tuntun fi máa ń gba ọ̀sẹ̀ mẹ́rin sí mẹ́fà kó tó lè gbé ẹrù tó wà lórí rẹ̀. Amóníà á kọ́kọ́ gòkè, á wá sọ̀ kalẹ̀. Náítíráìtì á gòkè tẹ̀ lé e, òun náà á sọ̀ kalẹ̀. Ẹ wá ka ọ̀sẹ̀ kẹta tí ẹja ń kú mọ́ ọn, kí ẹ rí ibi tó bọ́ sí.

Nígbà tí ẹ bá da gbogbo omi nù ní ọ̀sẹ̀ kẹta, tí ẹ fi ọṣẹ fọ ara táǹkì mọ́ tónítóní, ẹ ti dá táǹkì padà sí ọjọ́ kìn-ín-ní. Ẹja ò bá a padà. Ẹja ti tóbi, ó ń jẹun ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, amóníà tó ń tú jáde sì ti pọ̀ sí i. Ẹlẹ́mu kì í fi ọṣẹ fọ kèrègbè rẹ̀ lójoojúmọ́. Ó mọ̀ pé ohun tó kù lára rẹ̀ ló ń mú kí emu tuntun tètè kan.

Mo mọ ohun tí àwọn kan fẹ́ sọ. Wọ́n á ní ọ̀gá àwọn ń da omi nù ní ọjọ́ méjì méjì, ẹja rẹ̀ sì ń yè. Òótọ́ ni, ó ń yè. Epo bẹntiróòlù ló fi ń ṣe iṣẹ́ tí bakitéríà ì bá ṣe lọ́fẹ̀ẹ́. Táǹkì tó gùn ní mítà mẹ́ta, tó fẹ̀ ní mítà mẹ́ta, tí omi inú rẹ̀ jìn tó mítà kan, líta 9,000 ló ń gbà. Dà á nù lẹ́ẹ̀mẹta lọ́sẹ̀, líta 27,000 nìyẹn tí jẹnẹrétọ̀ gbọ́dọ̀ fà láti inú borehole. Nígbà tí líta epo kan kò tó ₦200, ìṣirò yẹn ṣeé ṣe. Ní May 29, 2023 ni Ààrẹ kéde pé owó ìrànwọ́ orí epo ti tán, kò sì pé ọjọ́ mẹ́ta tí líta kan fi lé ní ₦480. Ṣùgbọ́n ìwé ìdánilẹ́kọ̀ọ́ táwọn èèyàn yìí ń pín kò yí padà. Wọ́n ṣì ń kọ́ ọmọ tí kò níṣẹ́ lọ́wọ́ ní ọgbọ́n ìgbà tí epo pọ́ọ́kú.

Èyí tó tún burú ni oògùn. Ẹja bẹ̀rẹ̀ sí í léfòó, ẹni tó ń ta oúnjẹ ẹja ní kí wọ́n lọ ra tetracycline, kí wọ́n tú u sínú omi. Oògùn apakòkòrò kò mọ ọ̀tá yàtọ̀ sí ọ̀rẹ́. Bí kò bá pa àwọn bakitéríà tó ń jẹ amóníà, ó lè dí wọn lọ́wọ́, ẹja tí kò ní àìsàn kankan tẹ́lẹ̀ á sì máa mumi oògùn títí tí yóò fi dé inú ọbẹ̀ wa.

Iyọ̀ nìkan ni mo gbà fún wọn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé wọn kì í sọ ìdí rẹ̀. Náítíráìtì ń gba ọ̀nà tí kílóráìdì inú iyọ̀ ń gbà wọ ara ẹja. Bí iyọ̀ bá wà nínú omi, ọ̀nà á há fún náítíráìtì. Bí ó bá wọlé, á mú kí ẹ̀jẹ̀ di àwọ̀ ilẹ̀, ẹ̀jẹ̀ ò sì ní lè gbé ọ́síjìn mọ́. Ìdí nìyẹn tí àrọ̀, tó lè gbé orí sókè gba afẹ́fẹ́ bíi tiwa, fi lè máa mí gúlegúle kó sì tún kú. Ṣùgbọ́n iyọ̀ kò ran ẹni tí amóníà ń yọ lẹ́nu lọ́wọ́, ìyàtọ̀ yìí sì ṣe pàtàkì. Láìdán omi wò, ẹ ò lè mọ èwo nínú méjèèjì ló ń pa ẹja yín.

Ẹ jẹ́ kí n fara balẹ̀ níbi ọ̀rọ̀ pH, torí ibẹ̀ ni ẹjọ́ olè ti sábà ń bẹ̀rẹ̀. Oríṣi amóníà méjì ló wà nínú omi, ọ̀kan kò fi bẹ́ẹ̀ léwu, èkejì ń pani. pH àti ooru ló ń pín wọn. Bí omi bá wà ní 25°C, tí pH jẹ́ 7, èyí tó ń pani kò tó ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún. Ní pH 8, ó ti di nǹkan bíi márùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún. Ní pH 9, ó lé ní ìdá mẹ́ta gbogbo rẹ̀. Amóníà ò pọ̀ sí i o, omi ló yí padà. Iṣẹ́ bakitéríà fúnra rẹ̀ sì ń mú kí omi kan díẹ̀díẹ̀, torí ó ń jẹ agbára tí omi fi ń dúró lójú kan. Bí pH bá bọ́ sísàlẹ̀ 6, wọ́n á fẹ́rẹ̀ẹ́ dáwọ́ iṣẹ́ dúró. Amóníà á máa kó jọ, ẹja á ṣì dúró, torí oríṣi tí kò léwu ló pọ̀ jù. Ẹnì kan á wá dé, á wo omi, á ní ó dọ̀tí, á da púpọ̀ rẹ̀ nù, á rọ omi tí pH rẹ̀ jẹ́ 8 sí i, tàbí kó da ẹfun sí i. Kí ilẹ̀ tó mọ́, ẹja ti yí ikùn sókè. Wọ́n á ní omi borehole ló ní májèlé. Wọ́n á ní aládùúgbò ló da nǹkan sí i lóru. Àwọn èèyàn ti tìtorí èyí yẹra fún ara wọn.

Bákan náà ni omi tó ti di àwọ̀ ewé nínú oòrùn. Ewé omi yẹn ń fa pH sókè lọ́sàn-án, ìdí nìyẹn tí ẹja tó dáa láàárọ̀ fi lè máa ta gìrì ní agogo mẹ́ta ọ̀sán.

Kí ló wá yẹ ní ṣíṣe? Ẹ gbé táǹkì kalẹ̀ kí ẹ tó san owó ẹja. Ẹ rọ omi sí i, ẹ tan páǹpù afẹ́fẹ́, ẹ sọ ẹ̀kúnwọ́ oúnjẹ ẹja sí i kó máa jẹrà. Bí ẹ bá mọ ẹni tí táǹkì rẹ̀ ti pẹ́ tí ẹja rẹ̀ sì ní ìlera, ẹ bẹ̀ ẹ́ kó fún yín ní fóòmù tàbí òkúta láti inú tirẹ̀, kí ẹ má jẹ́ kó gbẹ lójú ọ̀nà. Ìyẹn lè gé ọ̀sẹ̀ mélòó kan kúrò. Bí ara yín kò bá gba dídúró, ẹ fi ọgọ́rùn-ún ẹja bẹ̀rẹ̀, kì í ṣe ẹgbẹ̀rún. Bí amóníà tàbí náítíráìtì bá gòkè, ẹ dáwọ́ oúnjẹ dúró fún ọjọ́ kan tàbí méjì, kí ẹ pààrọ̀ ìdá mẹ́ta omi, díẹ̀díẹ̀. Inú omi táǹkì tí ẹ bù jáde ni kí ẹ ti ṣan fóòmù, kí ọṣẹ má kàn án. Omi tí ẹ dà nù, ẹ̀fọ́ ni kí ẹ fi bomi rin, kì í ṣe gọ́tà.

Ẹ̀kọ́ iṣẹ́ àgbẹ̀ kì í ṣe àjèjì ní Kabba. Kọ́lẹ́ẹ̀jì Iṣẹ́ Àgbẹ̀ tó wà lábẹ́ Ahmadu Bello University ti wà níbẹ̀ kí a tó bí púpọ̀ nínú wa, Kogi State University náà sì ti wà níbẹ̀ báyìí. Kò sí ìdí tí ẹni tó ń ta oúnjẹ ẹja fi gbọ́dọ̀ jẹ́ olùkọ́ wa nípa omi. Ohun tí mo ń béèrè lọ́wọ́ ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n kò pọ̀: kí ẹ pín owó tí ẹ ń fi ránṣẹ́ sí méjì, apá kìn-ín-ní fún táǹkì àti afẹ́fẹ́, apá kejì fún ẹja lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́fà. Ní ti àwa tí a ṣì wà nílé ẹ̀kọ́, bí mẹ́rin nínú wa bá dáwó, a lè ra ohun èlò tí wọ́n fi ń dán amóníà, náítíráìtì àti pH wò, ká gbé tábìlì kan sí Kabba nígbà ìsinmi tó ń bọ̀. Ẹnikẹ́ni tí ẹja rẹ̀ bá ń léfòó, kó bu ife omi kan wá kó tó pe ẹnikẹ́ni ní olè. Mo ti dá tèmi. Ó ku èèyàn mẹ́ta.