"Mélòó Lo Jù Wọlé?"

Ẹ̀yin òbí, bí ọmọ bá ti ìdíje bọ́ọ̀lù àjùsáwọ̀n dé, kí la máa ń kọ́kọ́ bi í? "Mélòó lo jù wọlé?" Bí ó bá ní òun kò ju ọ̀kan, ojú wa a fà ro. Ìbéèrè yẹn kò tó.

Hakeem Olajuwon, ọmọ Yorùbá tí a bí ní Èkó ní 1963, ni òpómúléró ẹgbẹ́ Houston tó gba ife-ẹ̀yẹ Amẹ́ríkà ní 1994 àti 1995. Ṣùgbọ́n ènìyàn márùn-ún ní ń bẹ̀rẹ̀ eré. Bí alátakò méjì bá dì mọ́ Olajuwon, ẹlòmíràn ni yóò ju bọ́ọ̀lù sí. Bí onítọ̀hún kò bá dúró síbi tó yẹ, asán ni gbogbo làálàá.

Ní oṣù Karùn-ún 1995, ní ìlú Phoenix, ó ku nǹkan bí ìṣẹ́jú àáyá méje kí eré parí. Ojú ayò dọ́gba. Robert Horry tajú kán rí Mario Elie ní igun pápá, ó ju bọ́ọ̀lù sí i, Elie sì jù ú wọlé láti òkèèrè. Houston borí, 115 sí 114. Kì í ṣe ọwọ́ Olajuwon ló ṣe é.

Nínú ilé wa ní Ṣábẹ ńkọ́? Ọmọ tó yege ìdánwò là ń jó fún. Ta ló pọn omi tí ó fi wẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ náà? Ẹ pe òun náà, kí ẹ dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ lójú gbogbo ilé. Ọwọ́ kan kò gbẹ́rù dórí.