Kí Yunifásítì Àkùngbá Ṣílẹ̀kùn fún Àwọn Àgbà Àkókó

Ọ̀nà ìdánwò JAMB ni ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ ń gbà wọ Yunifásítì Adékúnlé Ajásin ní Àkùngbá Àkókó. Ìyẹn tọ́ fún ọmọ tó ń wá dìgírì àti iṣẹ́. Ṣùgbọ́n ọ̀nà wo ló wà fún tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì ní Ọ̀kà, tàbí ìyá tó ti ń tajà ní Ìkàrẹ́ láti ìgbà èwe rẹ̀? Wọn kò wá dìgírì, ìmọ̀ ni wọ́n ń wá. Èrò tiwa ni pé ó yẹ kí yunifásítì náà dá kíláàsì kéékèèké sílẹ̀ fún ẹni tó bá ti lé ní 60 ọdún: láìsí JAMB, láìsí ìdánwò, láìsí ìwé ẹ̀rí, kí èdè Yorùbá sì jẹ́ èdè tí wọn yóò fi kọ́ni.

Ohun tí a ń sọ yìí kì í ṣe àjèjì nílẹ̀ yìí. Ọdún kan péré lẹ́yìn tí wọ́n dá Yunifásítì Kọ́lẹ́ẹ̀jì Ìbàdàn sílẹ̀ ní 1948 ni wọ́n ti dá ẹ̀ka kan sílẹ̀ níbẹ̀ tí yóò máa kọ́ àwọn tí kì í ṣe akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì. Robert Gardiner, ọmọ Gold Coast, ìyẹn Gánà òde òní, ni wọ́n fi ṣe olórí rẹ̀. Ẹ̀ka yìí kò dúró kí ará ìlú wá bá òun n'Íbàdàn; ó gbé kíláàsì ìrọ̀lẹ́ lọ bá akọ̀wé, tíṣà àti oníṣòwò nínú ìlú wọn.

Lẹ́yìn náà ni àwọn ará Yúróòpù ṣẹ̀ṣẹ̀ wá dá irú rẹ̀ sílẹ̀ fún àwọn arúgbó nìkan. Ní 1973, Pierre Vellas ṣí yunifásítì àwọn àgbà ní Toulouse nílẹ̀ Faransé, níbi tí àwọn olùkọ́ yunifásítì ti ń dá wọn lẹ́kọ̀ọ́. Nígbà tó dé ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1980, wọ́n yí i padà: àwọn àgbà ló ń kọ́ ara wọn. Ẹni tó jẹ́ nọ́ọ̀sì rí ń kọ́ni nípa ìlera, ẹni tó jẹ́ ẹnjiníà rí ń kọ́ni ní tirẹ̀. A fẹ́ kí Àkókó da méjèèjì pọ̀.

Orúkọ tí yunifásítì náà ń jẹ́ gan-an ń pè é síṣẹ́ yìí. Olùkọ́ ni Olóyè Ajásin kó tó di gómìnà, ó sì wà lára àwọn tó gbé ìlànà ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ kalẹ̀ fún ẹgbẹ́ òṣèlú Action Group. Oṣù Ṣẹ́ẹ́rẹ́ 1955 ni ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ náà bẹ̀rẹ̀ ní Ẹkùn Ìwọ̀ Oòrùn Nàìjíríà. Ọmọ ọdún mẹ́fà ìgbà náà ti lé ní 70 báyìí. Àwọn tó ṣáájú rẹ̀ dáyé, pàápàá àwọn obìnrin, ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ kò bá wọn lọ́mọdé. Àwọn náà ló sì fi owó kòkó àti owó gàrí rán ọmọ wọn lọ sí yunifásítì.

Kí ni kí wọ́n kọ́ àwọn àgbà yìí? Kí wọ́n bẹ̀rẹ̀ láti ibi tí bàtà ti ń ta wọ́n lẹ́sẹ̀. Fóònù ni ìròyìn owó ìfẹ̀yìntì ń gbà wọlé lóde òní, fóònù náà ni olè sì ń gbà wọlé: ẹnìkan á pè, á ní báńkì ni òun ti ń pè, á sì béèrè nọ́ńbà àṣírí. Kíláàsì ọjọ́ Sátidé mélòó kan tó láti dá irú olè bẹ́ẹ̀ dúró lẹ́nu ọ̀nà. Ẹ̀jẹ̀ ríru àti ìtọ̀ ṣúgà ńkọ́? Bí a ṣe ń kọ ìwé ìhágún, kí àwọn ọmọ má baà gbé ara wọn lọ sí kóòtù lórí oko kòkó ńkọ́?

Lẹ́yìn náà ni kí àwọn àgbà fúnra wọn gun orí pẹpẹ gẹ́gẹ́ bí olùkọ́. Ní Àkókó nìkan, yàtọ̀ sí Yorùbá, a ní Àrìgìdì, Ùkaàn àti Akpes, àwọn èdè tí ọ̀pọ̀ ọmọdé kò gbọ́ dáadáa mọ́. Ẹnu àwọn àgbà ni wọ́n ṣẹ́kù sí. Onímọ̀ èdè tó bá ń kọ́ wọn ní bí a ṣe ń lo fóònù láàárọ̀ lè jókòó gba ọ̀rọ̀ sílẹ̀ lẹ́nu wọn lọ́sàn-án. Ọmọdé gbọ́n, àgbà gbọ́n, la fi dá Ilé-Ifẹ̀.

A mọ̀ pé àwọn kan yóò ní láti kékeré la ti ń pẹ̀ka ìrókò. Ìwà ọmọ ni òwe yẹn ń bá wí. Ẹni tó bá ń ṣiyèméjì kó wo Olóyè Ọbásanjọ́, ààrẹ Nàìjíríà tẹ́lẹ̀, tó gba oyè ọ̀mọ̀wé ní NOUN, ìyẹn National Open University of Nigeria, nígbà tó ti tó ẹni 80 ọdún. Àwọn mìíràn yóò béèrè pé owó dà, nígbà tí àwọn olùkọ́ ń pariwo owó oṣù. Ìbéèrè gidi nìyẹn. Ẹ má ṣe gbé e lé olùkọ́ lọ́rùn lọ́fẹ̀ẹ́: kí ìjọba ìbílẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin tó wà ní Àkókó dá owó àjẹmọ́nú àwọn olùkọ́, kí akẹ́kọ̀ọ́ fi owó táṣẹ́rẹ́ kún un, kí àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n tó ti fẹ̀yìn tì sì yọ̀ǹda ara wọn.

Nítorí náà, a ń ké sí Gíwá yunifásítì náà àti ìgbìmọ̀ rẹ̀ pé kí wọ́n bẹ̀rẹ̀ ní ọlidé gígùn tó ń bọ̀: kíláàsì kan n'Íkàrẹ́, ọ̀kan l'Ọ́kà, nínú ilé ẹ̀kọ́ girama tó wà láàárín ìlú, torí orúnkún àgbà kò ṣe é fi gun òkè lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Kí àwọn alága kánsù kọ owó rẹ̀ sínú ìṣirò ọdún tó ń bọ̀. Kí àwọn ọba wa sì fi ara wọn ṣe akẹ́kọ̀ọ́ àkọ́kọ́, kí ojú má baà ti ẹnikẹ́ni láti forúkọ sílẹ̀.