Ewé Ló Se Iṣu: Ẹ Fi Yorùbá Sọ Ọ́ fún Ọmọ Yín

Bí ọmọ yín bá bi yín pé kí ni ewéko ń jẹ, èdè wo ni ẹ ó fi dá a lóhùn? Ọ̀pọ̀ wa ni yóò bọ́ sínú Gẹ̀ẹ́sì lójú ẹsẹ̀. Yorùbá a wá kù sí "ẹ káàárọ̀," "wá jẹun" àti "kúnlẹ̀." Èdè tí a kì í bá ọmọ fi ronú, ọmọ kò ní kà á kún èdè ọlọ́gbọ́n.

Bẹ́ẹ̀, àlàyé náà kò le. Gbòǹgbò ń fa omi láti inú ilẹ̀. Àwọn ihò tíntìntín ara ewé ń gba afẹ́fẹ́ kábọ́nì wọlé, èyí tí ó wà nínú èémí tí àwa ń mí síta. Èròjà tí ó fún ewé ní àwọ̀ rẹ̀, klorofíìlì, ń gba ìmọ́lẹ̀ oòrùn. Ìmọ́lẹ̀ yẹn ni iná ìdáná. Ewé a fi omi àti afẹ́fẹ́ yìí se ṣúgà, a sì tú ọ́síjìn sílẹ̀ fún wa. Èyí tí ó bá ṣẹ́kù, a sọ ọ́ di sítáàṣì, a kó o pamọ́. Iṣu tí a fi ń gúnyán, ewé ló sè é. Àgbẹ̀ tí ó ń fi igi ti iṣu kí ó lè fà sókè mọ̀ pé ewé ń fẹ́ oòrùn.

Ẹnìkan lè ní Yorùbá kò ní ọ̀rọ̀ fún "photosynthesis." Gẹ̀ẹ́sì náà kò ní in tẹ́lẹ̀, inú èdè Gíríìkì ló ti yá a. Ẹlòmíràn a ní yóò da ọmọ lọ́kàn rú. Ní 1970, Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fafunwa àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Ifẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní ìṣirò àti sáyẹ́ǹsì fún ọdún 6, wọ́n sì ń kọ́ wọn ní Gẹ̀ẹ́sì lọ́tọ̀. Àwọn ọmọ náà kò rẹ̀yìn, nínú Gẹ̀ẹ́sì pàápàá.

Nítorí náà, ẹ gbin ẹ̀wà sínú ife méjì. Ẹ gbé ọ̀kan sójú fèrèsé, kí ẹ ti èkejì mọ́ inú kọ́bọ́ọ̀dù. Èyí tí ó wà nínú òkùnkùn yóò ga tẹ́ẹ́rẹ́, ewé rẹ̀ yóò sì ṣì. Ẹ fi Yorùbá bi ọmọ yín pé kí ló fà á. Bí ó bá ń ṣì í sọ, ẹ ní sùúrù. Ẹ má ṣe gba ọ̀rọ̀ náà lẹ́nu rẹ̀.