Oyè Lítíréṣọ̀ tàbí Oyè Ìwé Kíkọ: Èwo ni kí Olùkọ́ Yorùbá Gbà?

Ìbéèrè kan wà tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wa máa ń bi olùkọ́ wọn bí ẹ̀kọ́ wọn bá ti ń parí lọ, pàápàá àwọn tí ọwọ́ wọn já fáfá nínú ewì àti ìtàn àròsọ. Ṣé lítíréṣọ̀ ni kí àwọn lọ gba oyè M.A. lé lórí ni, tàbí kí àwọn wá ibi tí a ti ń kọ́ ènìyàn ní ìwé kíkọ gan-an? Ẹni tí ó ń gbé Kétu tàbí Ìkòsí, tí ó ń fi owó oṣù olùkọ́ gbọ́ bùkátà, kò lè fi ọwọ́ yẹpẹrẹ mú ìbéèrè yìí. Owó ilé-ìwé kì í ṣe owó tòmátì tí a lè ná ní Máìlì 12 kí wọ́n bá wa dín in kù.

Ẹni tí ó gba ọ̀nà lítíréṣọ̀ yóò kọ́ tíọ́rì, ìlànà ìwádìí àti ìṣọwọ́lo-èdè. Iṣẹ́ àpilẹ̀kọ rẹ̀ yóò dá lórí ohun tí ẹlòmíràn kọ tàbí tí ẹlòmíràn fi ohùn gbé jáde. Ẹni tí ó gba ọ̀nà kejì yóò máa jókòó pẹ̀lú àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀, wọn yóò máa tú iṣẹ́ ara wọn palẹ̀ lójú ẹni tí ó kọ ọ́, ìwé tí òun fúnra rẹ̀ kọ ni yóò sì fi gboyè. Yunifásítì Iowa ní Amẹ́ríkà bẹ̀rẹ̀ irú ẹ̀kọ́ yìí ní 1936. Yunifásítì East Anglia ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì gbé tirẹ̀ kalẹ̀ ní 1970. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe rò pé àjèjì pátápátá ni. Ọmọ ọdẹ tí ó ń kọ́ ìjálá ń tẹ̀lé ọ̀gá rẹ̀ lọ òde àríyá, ó ń gbè é lẹ́sẹ̀, bí òun náà bá sì ṣì í sun, àwọn àgbà yóò já lu ọ̀rọ̀ rẹ̀ ní gbangba.

Èdè Gẹ̀ẹ́sì ni àwọn ilé ẹ̀kọ́ méjì tí a dárúkọ wọ̀nyí fi ń ṣe tiwọn. Ta ni yóò jókòó sí Iowa tí yóò sọ fún ọmọ Kòsọ́fẹ́ pé ìsọ̀rọ̀ǹgbèsì inú eré rẹ̀ kò dún bí ọ̀rọ̀ ẹnu àwọn aláta Máìlì 12? Nílé níbí, èdè, lítíréṣọ̀ àti àṣà ni àwọn ẹ̀ka Yorùbá sábà máa ń pín oyè M.A. sí. Nítorí náà, ẹni tí ó bá fẹ́ fi Yorùbá kọ̀wé, tí ó sì fẹ́ máa ṣe iṣẹ́ olùkọ́ lọ, lítíréṣọ̀ ni èrò wa pé kí ó gbà. Láti Kétu dé Akókà kò tó ohun tí a ń tìtorí rẹ̀ kó ẹrù kúrò nílé, oyè náà ni yóò sì gbé e dé ìdí oyè Ọ̀mọ̀wé.

Akínwùmí Ìṣọ̀lá gba irú ọ̀nà yìí. Èdè Faransé ni ó kọ́kọ́ kà ní Ìbàdàn. Yunifásítì Èkó ni ó ti gba oyè M.A. nínú lítíréṣọ̀ Yorùbá ní 1978. Oyè náà kò pa kálàmù rẹ̀, nítorí òun ni ó kọ fíìmù Ṣaworoidẹ tí ó jáde ní 1999. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a sọ òtítọ́: Ẹfúnṣetán Aníwúrà ti jáde ní 1970, Ó Le Kú ní 1974, kí ó tó gba oyè yẹn. Fágúnwà pẹ̀lú, olùkọ́ tí St. Andrew's ní Ọ̀yọ́ kọ́, kò rí yunifásítì kankan ní Nàìjíríà tí ì bá wọ̀ nígbà tí Ògbójú Ọdẹ jáde ní 1938. Oyè lítíréṣọ̀ a máa la ojú. Kò dájú pé ó ń tọ́ ọwọ́. Ọ̀pọ̀ ni ó mọ ewì í kọ kí wọ́n tó wọlé, tí ó jẹ́ pé lámèyítọ́ nìkan ni wọ́n bá jáde, tí ẹ̀rù gbólóhùn ara wọn sì ń bà wọ́n.

Ibí ni ọ̀rọ̀ ti kan ẹ̀yin olùkọ́ àgbà. Kí ló dé tí akẹ́kọ̀ọ́ tí ọwọ́ rẹ̀ dá wa lójú kò fi lè fi ìtàn àròsọ tàbí eré onítàn ṣe iṣẹ́ àpilẹ̀kọ, kí ó sì kọ àlàyé lámèyítọ́ tì í? Òfin Ìpínlẹ̀ Èkó ti ọdún 2018 sọ Yorùbá di dandan ní gbogbo ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ àti girama, ti ìjọba àti ti aládàáni. Kí ni àwọn ọmọ náà yóò máa kà? Ìtàn igbó àti oko dára, ṣùgbọ́n ọmọ tí a bí sí Agílítí, tí ó mọ bí omi odò Ògùn ṣe ń ya wọ ilé, yẹ kí ó bá omi yẹn pàdé nínú ìwé Yorùbá.

Kí yunifásítì tó gbà, kọ́lẹ́ẹ̀jì wa lè ya ọ̀sán ọjọ́ kan sọ́tọ̀ lọ́sẹ̀ tí akẹ́kọ̀ọ́ yóò ka iṣẹ́ ara rẹ̀ sétígbọ̀ọ́ àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀. Kí olùkọ́ tí yóò darí wọn náà sì gbé tirẹ̀ wá kí wọ́n bá a tú u wò.