Ẹ́ńjìnnì tọ́bò: Ohun tí ìwé sọ lórí epo àti ohun tí ojú ọ̀nà ń gbà

Láti ọjọ́ 29 oṣù Karùn-ún ọdún 2023 tí Ààrẹ Bọ́lá Tinúbú ti kéde pé owó ìrànwọ́ orí epo bẹntiróòlù ti dópin, agbára káká ni ẹ ó fi rí onímọ́tò tí kì í ṣírò kí ó tó yí kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀ rẹ̀. Lítà epo kan tí kò tó 200 náírà kí ó tó di ọjọ́ náà di 617 náírà ní oṣù Keje ọdún kan náà. Nígbà tó fi máa di oṣù Kẹwàá ọdún 2024, ó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 1,000 náírà l'Ékòó. Láti ìgbà náà, iye rẹ̀ ń lọ sókè, ó ń wá sílẹ̀, ṣùgbọ́n kò padà síbi tó wà tẹ́lẹ̀. Ìdí nìyí tó fi jẹ́ pé ìbéèrè àkọ́kọ́ lẹ́nu ẹni tó fẹ́ ra ọkọ̀ tòkunbọ̀ kì í ṣe bí ọkọ̀ náà ṣe ń sáré tó mọ́, bí kò ṣe bí ó ṣe ń mu epo sí.

Àwọn tó ń ta ọkọ̀ náà ti mọ èyí. Wọ́n á ní ọkọ̀ yìí ní tọ́bò, ẹ́ńjìnnì rẹ̀ kéré, kì í mu epo, síbẹ̀ agbára rẹ̀ tó ti ẹ́ńjìnnì ńlá. Wọ́n tilẹ̀ lè fi iye máìlì tí ilé iṣẹ́ tó ṣe é kọ sínú ìwé rẹ̀ hàn yín. Irọ́ kọ́ ni wọ́n ń pa, ṣùgbọ́n òótọ́ náà ní ibi tó pin sí, àpò ẹni tó ra ọkọ̀ ló sì máa san ìyókù.

Iṣẹ́ tí tọ́bò ń ṣe

Ẹni tó bá ti wọ ilé alágbẹ̀dẹ rí kò ní pẹ́ lóye ọ̀rọ̀ yìí. Bí ọmọ iṣẹ́ kò bá fi ẹwìrì fínná, jẹ́jẹ́ ni èédú á máa jó. Bí ó bá fín in kíkankíkan, atẹ́gùn á wọlé, iná á ràn, irin á pọ́n. Ṣùgbọ́n bí iná bá ṣe ń ràn tó ni èédú ṣe ń tán tó. Atẹ́gùn kì í dá jó.

Ẹwìrì ẹ́ńjìnnì ni tọ́bò. Èéfín gbígbóná tó ń jáde lọ sínú sàlẹ́ńsà ni ó ń yí fáànù kékeré kan, fáànù yìí ló sì ń yí èkejì tó ń ti atẹ́gùn tuntun wọnú ẹ́ńjìnnì. Àwọn fáànù náà lè yí ju ìgbà 100,000 lọ láàárín ìṣẹ́jú kan ṣoṣo. Bí atẹ́gùn bá ti pọ̀ sí i, ẹ́ńjìnnì náà yóò fi epo kún un, agbára yóò sì pọ̀. Ọmọ ilẹ̀ Switzerland kan, Alfred Büchi, ló gba ìwé àṣẹ lórí ọgbọ́n yìí lọ́dún 1905. Ọdún 1962 ni ilé iṣẹ́ General Motors ní Amẹ́ríkà kọ́kọ́ fi í sínú ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ tí wọ́n ń tà fún gbogbo ènìyàn. Àwọn awakọ̀ tírélà wa pàápàá ti mọ̀ ọ́n tipẹ́ lára ẹ́ńjìnnì tó ń lo dísù. Ti ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ tó ń lo bẹntiróòlù ni a ń wí níbí.

Ọ̀nà tí tọ́bò fi ń ṣọ́ epo lò kò ṣòro. Bí ọkọ̀ bá ń lọ wọ́ọ́rọ́wọ́, tí kò gbé ẹrù, tí kò gun òkè, ẹ́ńjìnnì kékeré tó fún un, epo díẹ̀ ló sì máa lò. Ṣùgbọ́n ní kété tí awakọ̀ bá tẹná mọ́ ọn, ẹwìrì ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ nìyẹn, ẹ́ńjìnnì kékeré á sì máa mu epo bí ẹ́ńjìnnì ńlá. Bí ó bá le jù, kọ̀ǹpútà inú ọkọ̀ tún lè bu epo sí i ju èyí tó yẹ kó jó lọ, nítorí pé epo tó pọ̀ yẹn ló ń mú kí ooru inú ẹ́ńjìnnì rọlẹ̀. Nítorí náà, ìgbà tí awakọ̀ kò bá lo tọ́bò ni ọkọ̀ tọ́bò ń ṣọ́ epo lò. Bẹ́ẹ̀, ẹni tó ra ọkọ̀ asáré kò rà á nítorí kí ó má baà lò ó.

Òfin ìjọba ló mú un gbòde

Kì í ṣe ìfẹ́ àwọn tó ń ra ọkọ̀ nìkan ló sọ tọ́bò di púpọ̀. Ìṣọ̀kan Ilẹ̀ Yúróòpù ṣòfin pé nígbà tó bá fi di ọdún 2015, èéfín kábọ́ọ̀nù tó ń jáde lára àwọn ọkọ̀ tuntun kò gbọ́dọ̀ ju gíráàmù 130 lọ lórí kìlómítà kan, ní ìṣirò àpapọ̀. Wọ́n tún sọ ọ́ di 95 fún ọdún 2021. Amẹ́ríkà náà ní òfin tirẹ̀ lórí máìlì tí gálọ́ọ̀nù epo kan gbọ́dọ̀ gbé ọkọ̀ dé. Kí àwọn ilé iṣẹ́ má baà san owó ìtanràn, wọ́n dín ẹ́ńjìnnì kù, wọ́n sì fi tọ́bò dí àlàfo agbára tó sọnù. Lọ́dún 2010, ọkọ̀ tọ́bò kò tó 5 nínú ọgọ́rùn-ún ọkọ̀ tuntun ní Amẹ́ríkà. Nígbà tó di ọdún 2022, wọ́n ti lé ní ìdá kan nínú mẹ́ta.

Ohun tó yẹ kí a fiyè sí ni pé inú ilé àyẹ̀wò ni ìjọba ti ń wọn epo tí ọkọ̀ ń lò. Orí rólà ni ọkọ̀ wà, awakọ̀ tó mọṣẹ́ ló ń wà á, ìlànà kan náà ni wọ́n sì ń tẹ̀ lé nígbà gbogbo. Kò sí kòtò, kò sí ẹrù, kò sí ọlọ́kadà tó ṣàdédé já wọ iwájú. Ìdánwò ti Yúróòpù àtijọ́ rọrùn débi pé tọ́bò kì í fi bẹ́ẹ̀ ríṣẹ́ ṣe níbẹ̀. Àjọ International Council on Clean Transportation, tó ń ṣe ìwádìí lórí ọ̀rọ̀ yìí, rí i pé epo tí ọkọ̀ ń mu lójú pópó fi nǹkan bí 9 nínú ọgọ́rùn-ún ju ti ìwé lọ lọ́dún 2001. Nígbà tó fi di 2015, ìyàtọ̀ náà ti ju 35 lọ. Èyí wà lára ohun tó mú kí Yúróòpù bẹ̀rẹ̀ ìdánwò tuntun tó le díẹ̀ lọ́dún 2017. Ti Amẹ́ríkà sàn díẹ̀, nítorí pé láti orí àwọn ọkọ̀ ọdún 2008 ni wọ́n ti ń ṣírò eré sísá àti ẹ̀rọ amúlétutù mọ́ ọn.

Síbẹ̀, ní Amẹ́ríkà náà, Consumer Reports tó ń dán ọjà wò fún àwọn oníbàárà ké gbàjarè lọ́dún 2013. Wọ́n gbé Ford Fusion tó ní ẹ́ńjìnnì tọ́bò 1.6 jáde sójú ọ̀nà, gálọ́ọ̀nù kan gbé e dé máìlì 25. Toyota Camry tí kò ní tọ́bò rin 27, Honda Accord rin 30, Nissan Altima rin 31, bẹ́ẹ̀ ẹ́ńjìnnì àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta yìí tóbi ju ti Fusion lọ. Ẹ rántí pé gálọ́ọ̀nù Amẹ́ríkà kan jẹ́ nǹkan bí lítà 3.8.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀

Ẹ jẹ́ ká mú ọkọ̀ mẹ́rin ti ọdún 2015, ká sì lo iye tí ìjọba Amẹ́ríkà kọ fún wíwà láàárín ìlú. Toyota Camry tí kò ní tọ́bò, tó ní agbára ẹṣin 178, ń rin máìlì 25 lórí gálọ́ọ̀nù kan. Volkswagen Golf GTI, ọkọ̀ asáré tó ní tọ́bò, tí agbára rẹ̀ jẹ́ 210, ń rin 25 náà. Subaru WRX tó ní agbára 268 ń rin 21 bí ó bá jẹ́ èyí tí a ń fọwọ́ yí jíà rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀, WRX STI, tó ní 305, ń rin 17.

Ká ní ẹnì kan ń rin kìlómítà 40 lójoojúmọ́ lọ sí ibi iṣẹ́ àti bọ̀, ọjọ́ 22 lóṣù. Kìlómítà 880 nìyẹn. Camry yóò lo nǹkan bí lítà 83, GTI yóò lo 83, WRX yóò lo 99, STI yóò sì lo 122. Bí a bá fi lítà kan sí 1,000 náírà fún ìṣirò lásán, ìyàtọ̀ àárín Camry àti STI tó 39,000 náírà lóṣooṣù.

Ẹni tó bá wo GTI nínú ìṣirò yìí á ní ó ti rí ọkọ̀ tó ń sáré tí kò mu epo. Ibẹ̀ gan-an ni ọ̀rọ̀ wà. Ìjọba Amẹ́ríkà fúnra rẹ̀ sọ pé awakọ̀ tó ń tẹná lójijì, tó tún ń tẹ bíréèkì lójijì, lè fi ìdá 10 sí 40 nínú ọgọ́rùn-ún dín ìrìn ọkọ̀ rẹ̀ kù láàárín ìlú. Bí ẹni tó ń wa GTI bá pàdánù 20 péré, lítà 83 rẹ̀ ti di 104. Ó ti ju ti WRX tí wọ́n wà bí ìwé ṣe wí lọ. Bí ó bá pàdánù 40, yóò lo 138, èyí tó ju ti STI pàápàá lọ. Ọkọ̀ kan náà ni, ojú ọ̀nà kan náà ni, ẹsẹ̀ awakọ̀ nìkan ló yàtọ̀. Òótọ́ ni pé ẹsẹ̀ tó wúwo ń bá gbogbo ọkọ̀ jà, ṣùgbọ́n ọkọ̀ asáré ló ń dán ènìyàn wò jù, nítorí pé bí a bá ti fọwọ́ kan iná báyìí, ó ti fò.

Ibi tó ti kan àwa náà

Ẹni tí kò bìkítà fún Subaru tàbí Golf má ṣe rò pé ọ̀rọ̀ yìí kò kan òun. Accord tí àwọn ènìyàn wa fẹ́ràn, èyí tí a sọ lórúkọ oríṣiríṣi, ti di ọkọ̀ tọ́bò láti orí ti ọdún 2018 ní Amẹ́ríkà. Ẹ́ńjìnnì 1.5 tó ní tọ́bò ni wọ́n fi rọ́pò 2.4 tí a mọ̀. Èyí tó kéré yìí ń rin máìlì 30 láàárín ìlú nínú ìwé. Èyí tó jẹ́ 2.0 onítọ́bò, tó ní agbára 252, ń rin 22 bí ó bá jẹ́ irú tí wọ́n ń pè ní Sport. Lórí kìlómítà 880 wa, lítà 69 ni àkọ́kọ́, 94 ni èkejì. Lójú ẹni tí kò mọ̀, Accord ni méjèèjì. Nítorí náà, ẹ má ṣe béèrè bóyá ọkọ̀ ní tọ́bò nìkan. Ẹ béèrè bí ẹ́ńjìnnì náà ṣe tóbi tó.

Ojú ọ̀nà tiwa sì tún ní ìṣòro tirẹ̀. Nínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ, ọkọ̀ tó dúró lójú kan tí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ń ṣiṣẹ́ lè mu lítà kan sí méjì láàárín wákàtí kan láìrin ìṣísẹ̀ kan. Tọ́bò kò lè ran ọkọ̀ tó dúró lọ́wọ́. Lọ́nà oko, níbi tí a ti ń kó ẹrù gun òkè, ẹwìrì náà kì í sinmi, kò sì sí epo tí ẹnikẹ́ni fẹ́ ṣọ́ lò níbẹ̀. Ẹ́ńjìnnì tó tóbi díẹ̀ tí kò ní tọ́bò lè jẹ́ ìrọ̀rùn fún irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀.

Irú epo tún ńkọ́? Ní Amẹ́ríkà, epo tó wọ́n jù, tí wọ́n ń pè ní premium, ni ilé iṣẹ́ Subaru ní kí a máa rọ sínú WRX. Ìdí ni pé atẹ́gùn tí tọ́bò ń kì mọ́ inú ẹ́ńjìnnì máa ń gbóná, epo lásán sì lè gbiná kí àsìkò tó tó. Ní ọ̀pọ̀ ilé epo tiwa, irú bẹntiróòlù kan ṣoṣo ni wọ́n ń tà. Ọkọ̀ tí wọ́n ṣe fún premium, tó wá ń mu èyí tó rí, á dáàbò bo ara rẹ̀ nípa dídín agbára kù. Awakọ̀ á wá tẹná sí i kí ó lè rí agbára náà, epo á sì máa lọ.

Bákan náà ni ọ̀rọ̀ ọ́ìlì. Fáànù tó ń yí ju ìgbà 100,000 lọ nínú ooru kò lè fara da ọ́ìlì tó ti jóná tàbí ayédèrú. Ẹ kò mọ bí ẹni tó kọ́kọ́ lo tòkunbọ̀ ṣe tọ́jú rẹ̀. Bí èéfín tó dà bí aró bá ń jáde ní sàlẹ́ńsà, tàbí bí ọkọ̀ bá ń hu súfèé àjèjì nígbà tí a bá tẹná, ẹ jẹ́ kí mẹkáníìkì tó mọ tọ́bò yẹ̀ ẹ́ wò kí ẹ tó ka owó sílẹ̀. Owó tọ́bò tuntun lè gbé gbogbo èrè orí epo lọ.

Ohun tó yẹ ní ṣíṣe

Ẹni tó ti ní ọkọ̀ tọ́bò tẹ́lẹ̀ kò níláti tà á. Kí ó máa tẹná díẹ̀díẹ̀, kí ó máa wo ọ̀ọ́kán kí ó má baà máa tẹ bíréèkì láìnídìí, kí ó yọ ẹrù tí kò wúlò kúrò nínú búùtù, kí ó fẹ́ táyà rẹ̀ dé ìwọ̀n tó yẹ, kí ó sì máa pààrọ̀ ọ́ìlì lásìkò.

Ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ rà, kí ó kọ́kọ́ wo irú ìrìn tó ń rìn. Bí ó bá jẹ́ ọ̀nà tó já geere, tí ọkọ̀ ń lọ lérè kan náà láìgbé ẹrù, ẹ́ńjìnnì tọ́bò kékeré lè ṣe é lóore. Bí ó bá jẹ́ súnkẹrẹ-fàkẹrẹ àti ẹrù ni, kí ó má ṣe san owó kún owó nítorí orúkọ tọ́bò.

Kí ẹ sì máa wọn epo yín fúnra yín. Ẹ rọ epo kún táńkì, ẹ kọ iye kìlómítà tó wà lójú ọkọ̀ sílẹ̀, ẹ wà á fún ọ̀sẹ̀ kan, ẹ tún rọ ọ́ kún. Ẹ fi iye lítà tó wọlé pín iye kìlómítà tí ẹ rìn. Iye yẹn ni ti ọkọ̀ yín, lójú ọ̀nà yín, lábẹ́ ẹsẹ̀ yín. Àwọn tó kọ ìwé wà ní Amẹ́ríkà àti Jámánì, wọn kò sì ní bá ẹnikẹ́ni san owó nílé epo.