Ẹ Kọ Iye Owó Sí I

Ẹ̀yin ọmọ wa tí ẹ ń tajà lórí Instagram àti WhatsApp, ẹ̀yin ni mo ń bá wí lónìí. Ẹ má wẹ̀yìn wò bóyá ẹlòmíràn ni. Ẹ ya àwòrán bàtà, ẹ tan iná yí i ká títí ó fi ń dán, ẹ kọ àwọ̀ tí ẹ ní àti ìwọ̀n ẹsẹ̀ tó wà nílẹ̀. Ó wá ku iye owó, ọwọ́ yín sì rọ. "Ẹ wá bi wá nínú DM." Kí ló wà nínú DM tí kò lè dúró ní gbangba?

Mo ti gbọ́ àwíjàre yín. Ẹ ní bí àwọn tó ń ta irú ọjà kan náà bá rí iye tí ẹ ń tà á, wọn á dín tiwọn kù láti fi gba oníbàárà lọ́wọ́ yín. Ẹ ní ẹ fẹ́ kọ́kọ́ bá ẹni náà sọ̀rọ̀ dáadáa kó má baà rí owó kó sá. Èyí tí ẹ kì í sọ, tí gbogbo wa sì mọ̀, ni pé ẹ ń lọ wo ojú ìwé ẹni tó béèrè ná. Bó bá dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ̀ ńlá, tàbí tó jẹ́ pé Lọ́ńdọ̀nù ló ń gbé, iye tirẹ̀ ọ̀tọ̀. Bó bá jẹ́ olùkọ́ ní Ìkìrun, iye tirẹ̀ ọ̀tọ̀. Ìrẹ́jẹ ni mo pe ìyẹn, n kò ní orúkọ mìíràn fún un.

Ẹ ó sọ pé ṣebí a máa ń ná ọjà ní Ọjà Ọba, ṣebí ìyá aláṣọ náà máa ń wo ènìyàn lókè nílẹ̀ kó tó dá owó lé ọjà. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ní ọjà, aṣọ wà lọ́wọ́ olùrà, ó ń fi ìka yẹ̀ ẹ́ wò. Ó gbọ́ iye tí wọ́n pè fún ẹni tó dúró tì í. Bí kò bá tẹ́ ẹ lọ́rùn, ìsọ̀ kejì kò jìnnà, ìyá aláṣọ náà sì mọ̀ bẹ́ẹ̀, ìdí nìyẹn tí kò fi lè pe owó ní ìpè wèrè. Nínú DM, òun nìkan àti ìwọ nìkan ni. Kò sẹ́ni tó gbọ́. Ẹ̀yin gba ìdúnàádúrà tó wà nínú ọjà wa, ẹ wá bọ́ gbogbo ohun tó ń dáàbò bo olùrà kúrò lára rẹ̀.

Ẹ má sì ṣe sọ fún mi pé ọ̀làjú ló gbé e dé. Títa ọjà láìfojú kan ara ẹni kì í ṣe nǹkan tuntun nílẹ̀ Yorùbá. Àwọn ìyá wa láyé àtijọ́ á kó iṣu tàbí ọsàn sí ẹ̀bá ọ̀nà oko, wọn á to òkúta wẹ́wẹ́ tì í kí èrò ọ̀nà fi mọ iye owó ẹyọ tí wọ́n ń tà á, wọn á sì bá ti wọn lọ sóko. Ẹni tó bá fẹ́ rà á yóò ka òkúta, yóò fi owó sílẹ̀, yóò gbé ọjà rẹ̀. Nítorí pé olùtà kò sí níbẹ̀ gan-an ni òkúta ṣe gbọ́dọ̀ wà. Bí kò bá sí òkúta, ta ni yóò fọwọ́ kan iṣu náà? Ẹ̀yin tí ẹ ní fóònù tó lè gbé fídíò dé Houston kí ènìyàn tó ṣẹ́jú, òkúta márùn-ún lásán ni ẹ kò lè tò.

Òfin pàápàá kò sí lẹ́yìn yín. Òfin ìdíje àti ààbò oníbàárà tí Nàìjíríà ṣe ní 2018 sọ ọ́ ní abala 115 pé ẹni tó bá pàtẹ ọjà gbọ́dọ̀ fi iye owó rẹ̀ han oníbàárà. N kò rí ìdí tí àtẹ orí fóònù kò fi ní jẹ́ àtẹ.

Iye owó tí ẹ fi pamọ́ kọ́ ló dùn mí jù. Àwòrán ni. Láti ìgbà tí ChatGPT ti jáde ní oṣù kọkànlá 2022, tí àwọn ẹ̀rọ tó ń ya àwòrán fúnra wọn náà sì ti pọ̀ sí i, ẹ ti wá ń pàtẹ aṣọ tí kò sí láyé. Ẹ ó gbé bùbá àti ìró aṣọ-òkè kan jáde, tí òwú rẹ̀ ń tàn bí góòlù, tí ọrùn rẹ̀ gùn bí ọrùn àgùnfọn. Kò sí ahunṣọ kan ní Ìsẹ́yìn tó hun ún. Kò sí télọ̀ tó lè rán an. Ìyàwó tuntun yóò sanwó, yóò máa ka ọjọ́, yóò tú ẹrù lọ́sẹ̀ ìgbéyàwó rẹ̀, yóò bá aṣọ kan tí kì í ṣe ẹbí, kì í ṣe ará èyí tó rí. Bó bá bínú, ẹ ó dènà nọ́ńbà rẹ̀. Ọmọ ènìyàn ni ẹ fi ṣe bẹ́ẹ̀ lọ́jọ́ ayọ̀ rẹ̀! Ẹ mọ̀ pé èké ni àwòrán náà nígbà tí ẹ ń gbé e sórí sítátọ́ọ̀sì. Ẹ̀rọ kò ṣẹ̀ mí. Ahunṣọ lè fi í dábàá àwọ̀ àti ọnà tuntun kó tó jókòó sí òfì, ìyẹn dára púpọ̀, kó ṣáà sọ fún olùrà pé àbá ni, kó sì fi aṣọ tó ti hun rí hàn án.

Ẹ̀rí oníbàárà tó jẹ́ èké náà ńkọ́? Ìwọ fúnra rẹ ló mú fóònù kejì, ìwọ lo kọ "Àǹtí, ọṣẹ yín ṣiṣẹ́ o," ìwọ lo fèsì, ìwọ lo ya àwòrán rẹ̀ tí o gbé e síta. O tún lọ fowó ra fọ́lówà tí kì í ṣe ènìyàn. Ẹ̀yin tí ẹ ń tajà fún àwọn ẹbí wa ní Amẹ́ríkà, ẹ kíyè sí i: ní oṣù kẹjọ 2024, FTC, àjọ ìjọba tó ń rí sí ọ̀rọ̀ òwò níbẹ̀, gbé ìlànà jáde tó fòfin de ẹ̀rí oníbàárà tó jẹ́ èké àti fọ́lówà àfọwọ́dá tí wọ́n ń tà tí wọ́n ń rà.

Ó kan ọ̀rọ̀ gírúùpù WhatsApp. Wọ́n ní kí á kó nọ́ńbà wa sílẹ̀ nítorí aṣọ ẹbí ìsìnkú, a kó o sílẹ̀. A sin òkú tán, a jẹun tán, gírúùpù kò tú ká. Ó di ibi tí wọ́n ti ń ta ìkòkò ìdáná àti àgbo jẹ̀díjẹ̀dí fún opó tí kò tíì bọ́ṣọ ọ̀fọ̀. Ta ló fún yín láṣẹ? Ìwà yìí ti pẹ́ láyé. Ní oṣù karùn-ún 1978, Gary Thuerk, òṣìṣẹ́ ilé-iṣẹ́ Digital Equipment Corporation ní Amẹ́ríkà, fi ìpolówó kọ̀ǹpútà ránṣẹ́ sí nǹkan bí 400 ènìyàn lórí ARPANET, tó ṣáájú íntánẹ́ẹ̀tì òní. Kò sẹ́ni tó béèrè. Inú bí wọn, wọ́n sì bá a wí. Òun náà sọ lẹ́yìn náà pé ó mú owó ńlá wọlé, ìyẹn sì ni àwọn tó tẹ̀lé e kọ́ lára rẹ̀ dípò ìbáwí.

WhatsApp ti ṣe ọgbà sí ọ̀rọ̀ yìí. Bí o bá fi broadcast ránṣẹ́, ẹni tó ti tọ́jú nọ́ńbà rẹ nìkan ni yóò rí i gbà. Ọgbà yẹn ni ẹ ń fò nígbà tí ẹ bá kó wa sí gírúùpù láìbi wá. Òfin ààbò dátà tí Nàìjíríà ṣe ní oṣù kẹfà 2023 sì fún ẹni tí wọ́n ń polówó ọjà sí ní ẹ̀tọ́ láti sọ pé òun kò fẹ́. Bí ẹnìkan bá ti jáde, ẹ jọ̀wọ́, ẹ má ṣe kó o padà wọlé.

Àwọn tó ń kọ́ yín ní gbogbo èyí kò tilẹ̀ tó mi í sọ̀rọ̀ sí. Ẹni tí kò ta abẹ́rẹ́ rí ní ń gbowó lọ́wọ́ àwọn ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ parí àgùnbánirọ̀, ó ní òun ń kọ́ wọn ní digital marketing.

Ẹ tẹ́tí, nítorí iṣẹ́ yín wù mí. Mo mọ̀ pé owó ìsọ̀ ti wọ́n kọjá agbára yín, mo mọ̀ pé lórí fóònù yẹn ni ọ̀pọ̀ yín ti ń rí owó ilé-ìwé ọmọ. Nítorí náà, ní alẹ́ òní, kí ẹ tó sùn, ẹ padà sí ojú ìwé yín. Ẹ kọ iye owó sí ọjà kọ̀ọ̀kan. Ẹ yọ àwòrán tí kì í ṣe ti ọjà yín kúrò. Ẹ kọ iye ọjọ́ tí ẹ ó fi gbé e dé, àti ohun tí ẹ ó ṣe bí kò bá bá olùrà mu. Kí ẹ sì kọ owó ọkọ̀ dé Ìkìrun, Àkúrẹ́ tàbí Ìlọrin sí i pẹ̀lú, kí olùkọ́ Ìkìrun yẹn má baà sanwó bàtà tán kó tó gbọ́ pé owó ọkọ̀ ti ju owó bàtà lọ.