Ta Ni Yóò Fi Ewé Oko Wa Han Ẹ̀rọ?



Ọ̀pọ̀ nínú yín ti gbọ́ pé ẹ̀rọ kan wà báyìí tí ó lè wo ewé, kí ó sì sọ àìsàn tí ń ṣe é. Òótọ́ ni. Àwọn Faransé ń pe ọgbọ́n inú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ ní intelligence artificielle. Àwa lè pè é ní ọgbọ́n àtọwọ́dá. Àwọn kan ní idán ni. Àwọn mìíràn ní ẹ̀tàn ni. Èmi kò gba ti ẹnì kankan nínú wọn.

Báwo ni ọmọ yín ṣe mọ ẹ̀fọ́ yàtọ̀ sí koríko? Ẹ̀yin ni ẹ fi hàn án. Ó rí i, ó tún rí i, ó mọ̀ ọ́n. Bẹ́ẹ̀ náà ni ẹ̀rọ yìí. Wọ́n á fi ẹgbẹẹgbẹ̀rún fọ́tò ewé hàn án, wọ́n á sọ orúkọ àìsàn ọ̀kọ̀ọ̀kan fún un. Bí ẹ bá wá fi ewé tuntun hàn án, á wo èyí tí ó jọ nínú ohun tí ó ti rí. Ohun tí ẹnikẹ́ni kò fi hàn án rí, kò lè mọ̀ ọ́n. Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ mi wà.

Ní ọdún 2016, àwọn onímọ̀ kan ní Amẹ́ríkà àti Switzerland fi fọ́tò 54,306 kọ́ ẹ̀rọ kan. Irúgbìn 14 ni wọ́n fi hàn án. Tòmátì wà níbẹ̀, àgbàdo wà níbẹ̀, àjàrà pàápàá wà níbẹ̀. Iṣu kò sí. Ẹ̀gẹ́ kò sí. Nígbà tí wọ́n fi irú fọ́tò tí wọ́n fi kọ́ ọ dán an wò, ó gba ohun tí ó lé ní 99 nínú 100. Ẹ ò rí nǹkan! Ṣùgbọ́n ewé tí wọ́n já, tí wọ́n tẹ́ sórí bébà, ni wọ́n yà. Nígbà tí wọ́n fi fọ́tò tí a yà níbòmíràn dán an wò, ó já sí bíi 31 nínú 100. Oko kì í ṣe orí bébà. Eruku wà lóko, òjìji wà, kòkòrò méjì sì lè jẹ ewé kan náà.

Lẹ́yìn náà ni ó kan ẹ̀gẹ́. Ìwádìí kan jáde ní ọdún 2017, tí wọ́n fi fọ́tò ewé ẹ̀gẹ́ 2,756 láti oko Tanzania ṣe. Onímọ̀ IITA, ilé ìwádìí tí ó ní ẹ̀ka ní Abomey-Calavi wa níbí, wà nínú rẹ̀. Irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ ni ó bí Nuru, tí ń ṣiṣẹ́ nínú tẹlifóònù láìsí íntánẹ́ẹ̀tì. Inú mi dùn sí i. Ṣùgbọ́n oko Tanzania kì í ṣe oko Kétu.

Nítorí náà, bí àwọn olùwádìí bá wá ya ewé yín, ẹ má lé wọn. Ẹ má sì dúró bí òpó. Mo ti rí i: ọkọ̀ dé, wọ́n ya fọ́tò, ọkọ̀ lọ, a kò gbọ́ nǹkan kan mọ́. Èyí kò dára. Ẹ bi wọ́n pé: àìsàn wo nìyí? Kí ni ẹ fẹ́ fi fọ́tò yìí ṣe? Ọjọ́ wo ni ẹ ó padà wá sọ èsì fún wa?

Ẹ̀rọ lè dárúkọ àìsàn, kò lè wò ó. Ẹ wo àrùn tí ń mú kí ewé ẹ̀gẹ́ ká, tí ó ń ṣe àbàwọ́n bí àwọ̀ ìyeyè. Kò sí oògùn fífọ́n tí ń wo igi tí ó ti kó o. Eṣinṣin funfun kékeré ni ó ń gbé e kiri, igi ẹ̀gẹ́ tí a ń gé gbìn náà sì ń gbé e. Ìyá àgbà tí ó ń wo ewé dáadáa kí ó tó gé igi mọ ohun tí ó ń ṣe.

Ewé nìkan ni ẹ̀rọ ń rí. Kò mọ oko ẹni tí ẹ ti gbé igi yẹn wá, kò mọ ìgbà tí òjò dá. Ẹ̀yin ni ẹ mọ̀ ọ́n, ẹ sì ti mọ̀wé kọ báyìí. Ẹ kọ ọ́ sínú kàyé: ọjọ́ tí ẹ rí àìsàn náà, orúkọ tí àwa ń pè é, ibi tí igi ti wá. Bí ọkọ̀ wọn bá tún dé, ẹ mú kàyé yẹn jáde kí wọ́n tó mú tẹlifóònù jáde.